Ẹja Tó Lè Dúró De Ọkọ̀

Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá ti ojú òkun dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àjẹ̀ ni òun àti Kọ́lájọ tí wọ́n jọ ń pẹja fi wa ọkọ̀ bọ̀, ọkọ̀ náà sì wúwo débi pé díẹ̀ ló kù kí omi bò ó létí. Ẹja ló kún inú rẹ̀. Ẹja apò ni wọ́n, àwọn tó sanra, tí ara wọn ń dán gbinrin. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, kò sí ẹni tó tíì kó irú rẹ̀ wọ Molutehin, abúlé orí omi wọn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kó irú ẹja bẹ́ẹ̀ dé, orin ló yẹ kó máa kọ. Jọọlá ìyàwó rẹ̀ dúró lórí afárá pákó tó wà níwájú ilé wọn, ó wo ẹja, ó wo kẹ́ẹ̀gì epo tó dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ láìdérí, kò sì kọrin.

"Ó tán ni?" ló béèrè.

"Ojú òkun ló tán sí," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. "Bí kì í bá ṣe pé omi ń kún bọ̀ wá sílé, ibẹ̀ ni à bá ṣì wà."

"Apá mi ti kú," ni Kọ́lájọ wí. "Ìyá Ṣìkẹ́mi, bí ẹ bá rí apá mi níbì kan, ẹ bá mi gbé e pamọ́."

Ọdún tí owó epo fò sókè ni ọdún náà. Ọkọ̀ tó bá ti Igbokoda dé, ìròyìn kan náà ló ń kó bọ̀: epo kò sí, tàbí epo wà ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó lọ ta ọkọ̀ rẹ̀ ná. Àwọn oníbàárà tó máa ń wá ra ẹja tútù kò wá mọ́, nítorí epo tí wọn yóò jó dé Molutehin ti ju èrè orí ẹja lọ. Bẹ́ẹ̀, láti orí afárá yẹn gan-an, ẹni tó bá kọjú sí òkun yóò rí iná gáàsì àwọn tó ń wa epo, tó ń jó lójú ọ̀run tọ̀sán-tòru. Iná náà kò se ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò yan ẹja ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń jó ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi owó dáná, àwọn tó ni omi sì ń wò ó láti inú ilé tí kò ní iná. Àwọn àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dé Molutehin.

Ẹja tútù kì í gbọ́ àlàyé. Bí oòrùn bá ti gòkè, ojú rẹ̀ á ṣú, ara rẹ̀ á rọ̀, eṣinṣin á sì gba ìyókù. Àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ ní àdúgbò náà ti pa á tì, fìrísà wọn ti di àpótí tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja kò lè gba gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ kan, kódà bí igi ìdáná bá pọ̀ bí iyanrìn.

Fìrísà kan ló kù ládùúgbò náà tí kì í mu epo, ti Jọọlá ni. Páńẹ́lì sólà ló ń fún un ní iná. Páànù orí ilé wọn ti dógùn-ún, kò lè gbé páńẹ́lì, nítorí náà wọ́n ri òpó mọ́ inú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, wọ́n sì tẹ́ wọn lé e lórí. Wọn kò ga ju àyà ènìyàn lọ, ìtẹ́jú wọn kò sì dà gẹ̀rẹ̀ ju díẹ̀ lọ. Níbẹ̀rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ débi tí gbogbo ènìyàn fi ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, bí ó bá ti di ọ̀sán, ojú iná kékeré tó wà lára bátìrì á pọ́n, fìrísà á sì dákẹ́. Ẹja ti bàjẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dà á sómi lójú gbogbo ará ilé yíká, ẹja náà sì léfòó káàkiri abẹ́ ilé àwọn ẹlòmíràn. Ìyẹn ni Fẹ̀hìntọlá kò lè gbàgbé.

"Jẹ́ kí n ti sọ fún ọ kó o tó gbé ẹja yìí wọlé," ló wí bó ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ òpó. "Olówòkéré ń bọ̀ lónìí. Ó ń gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bọ̀. Á kó gíláàsì rẹ yẹn lọ, á kó bátìrì lọ, á sì fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ fún wa. A ti jọ sọ ọ́ tán."

Jọọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Kí ni jẹnẹrétọ̀ máa mu?"

"Epo."

"Epo wo?"

"Epo á wá. Epo máa ń wá."

"Òun náà lẹ fi wa ọkọ̀ dé láàárọ̀ yìí?"

Kọ́lájọ yíjú sí omi kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ojú Fẹ̀hìntọlá pọ́n. Kò sùn mọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó.

"Ìwọ máa fi mí ṣẹ̀sín! Oòrùn rẹ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe oòrùn ló ba ẹja wa jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì? Oòrùn ni kí ènìyàn fi sá aṣọ. Oòrùn kì í ṣe nǹkan tí ọkùnrin ń gbé ìdílé lé lórí. Gbogbo ayé, epo ni wọ́n ń lò, Jọọlá nìkan ló gbọ́n jù wọ́n lọ!"

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà, "ẹja ń kú lọ síbẹ̀ yẹn." Moríkẹ́ ni, ìyá Fẹ̀hìntọlá. Ó jókòó ti abọ́ edé kan, ó ń ṣa pàǹtírí kúrò nínú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀.

"Ó ti kú, Ìyá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ó lè tún kú."

Jọọlá nàró. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń tẹ́tí sílẹ̀ nígbà náà.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, ẹ fún mi títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ẹja tí mo bá kó sínú fìrísà yẹn lónìí bá fi lè rùn, èmi fúnra mi ni màá tú páńẹ́lì, màá sì gbé e sínú ọkọ̀ Olówòkéré. Mi ò ní sunkún, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí kò bá rùn, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ jẹnẹrétọ̀ sí mi létí mọ́."

Fẹ̀hìntọlá wo ẹja, ó wo ojú ọ̀run. Kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀. "Kí oòrùn tó wọ̀," ló wí. "O ti gbọ́, Kọ́lájọ."

"Mo gbọ́," ni Kọ́lájọ wí. "Apá mi nìkan ni kò gbọ́."

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹlòmíràn ìbá ti da gbogbo ẹja náà rẹpẹtẹ sínú fìrísà, kó pa á dé, kó sì máa gbàdúrà. Jọọlá kò bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ó ṣa ẹja kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Èyí tí àwọ̀n ti gé lára, tí ara rẹ̀ kò ní pẹ́ rọ̀, ó yà á sọ́tọ̀ fún ààrò. Èyí tí ara rẹ̀ le, ó la ikùn rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ. Ìgò omi tó ti di yìnyín wà nísàlẹ̀ fìrísà, èyí tó máa ń tọ́jú síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó tẹ́ ẹja kan, ó to ìgò lé e, ó tún tẹ́ ẹja lé ìgò, ó ń ṣe é bí ẹni ń di ẹrù ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó mọ ibi tí agbára nǹkan náà mọ. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró, ó pa ìdérí dé, ó mú okùn àwọ̀n, ó so ó yí ká, ó sì ta kókó sí i.

Kọ́lájọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife. "Ìyá Ṣìkẹ́mi, omi tútù díẹ̀ péré. Òkun ló gbẹ mí lọ́fun."

"Kò sí."

"Ṣé ẹ máa so omi mọ́lẹ̀ ni? Ọkùnrin bíi tèmi!"

"Bí o bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, o ti jẹ ẹja kan. Èwo lo fẹ́ jẹ nínú wọn? Nawọ́ sí i kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìpín rẹ."

Kọ́lájọ gbé ife rẹ̀ lọ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù omi òjò, ó ń kùn pé omi ibẹ̀ gbóná bí ọbẹ̀.

Kí Jọọlá tó kúrò nílé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú iná kékeré tó wà lára bátìrì. Àwọ̀ ewé ló ń tàn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja ààrò rù, ó sì gba orí afárá lọ sí ìpẹ̀kun abúlé níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń yan ẹja.

Rhoda tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ti wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín. "Ẹ kú oríire o, Ìyá Ṣìkẹ́mi. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń gba jẹnẹrétọ̀ lónìí."

"Ẹnu ta lo ti gbọ́?"

"Orí omi la wà, ọ̀rọ̀ kì í rì. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé sólà kì í ṣe ti etí òkun. Iyọ̀ á jẹ ẹ́. Ti àwọn ará òkè ni, àwọn tó ní ilẹ̀ gbígbẹ."

Jọọlá to ẹja sórí ààrò. Ó mọ̀ pé iyọ̀ ń jẹ nǹkan. Àràárọ̀ ló máa ń fi aṣọ nu ojú páńẹ́lì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀ pé òjìjì kò gbọdọ̀ bọ́ sórí rẹ̀, nítorí náà ó ti lé aṣọ tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀, ó ti lé àwọ̀n tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ tẹ́ síbẹ̀ kúrò. Kò mọ ohun tó kù tó yẹ kóun lé. Ó fẹ́ kí iná náà, ìyẹn tó ń pọ́n lọ́sàn-án gangan nígbà tí oòrùn ń mú bí iná, yé òun. Bí àìsàn bá lórúkọ, ó sàn. Èyí kò lórúkọ.

Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, iyọ̀ tó ń fi pa ẹja lára tán. Lọ́jọ́ mìíràn, ìbá tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ Rhoda. Lọ́jọ́ yẹn kò fẹ́ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sílé lọ mú tirẹ̀.

Ó ti kọjá páńẹ́lì kí ojú rẹ̀ tó padà síbẹ̀. Ó dúró. Páńẹ́lì kò dán mọ́. Ó ti di pupa láti igun dé igun. Edé ni wọ́n sá lé e lórí, edé tútù, wọ́n fi ògbólógbòó àwọ̀n kan bò ó kó má baà yọ̀ bọ́ sómi, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dọ́gba dọ́gba, iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Moríkẹ́ dúró tì í, ó ń fi ìyẹ́ lé eṣinṣin.

"Ìyá," ni Jọọlá wí, "kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Edé ni mo ń sá. Ṣé o ò rí i ni?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí mú dáadáa. Nǹkan yìí dára o! Níbo ni ilẹ̀ wà ní Molutehin tí ènìyàn á sá nǹkan sí? Ẹní ń tutù lábẹ́, pákó ń hu funfun. Èyí, bí mo bá sá a nígbà tó o bá ti lọ sídìí ààrò, kó o tó dé, ó ti gbẹ, mo ti kó o. Mi ò fọwọ́ kan wáyà rẹ o. Èmi kì í fọwọ́ kan wáyà."

Ọ̀rọ̀ kún Jọọlá lẹ́nu. Ẹja tí wọ́n dà sómi lẹ́ẹ̀mejì kún un lójú. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, ìyẹ́ lọ́wọ́, tí inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyá, oòrùn yẹn ni fìrísà ń jẹ."

"Mo mọ̀. Ṣebí ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Oòrùn tó tó gbogbo ayé, ṣé kò wá ní tó èmi àti fìrísà?"

Fẹ̀hìntọlá tó ti lọ sùn láti àárọ̀ ti jí. Ó ti jáde dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọ inú ilé padà, ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú bátìrì. Ojú iná pọ́n. Fìrísà dákẹ́ fẹ́ẹ́. Nígbà tó tún jáde, ó dúró láàárín ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ó wo edé náà pẹ́. Gbogbo ohun tó ti sọ nípa oòrùn láàárọ̀, kò sí ẹni tó rán an létí rẹ̀. Omi ń gbá abẹ́ afárá jẹ́jẹ́.

"Ìyá," ló wí nígbẹ̀yìn, "ẹ bá mi di igun yẹn mú."

Wọ́n gbé àwọ̀n àti edé kúrò. Ojú páńẹ́lì ti di nǹkan mìíràn. Omi edé ti gbẹ mọ́ ọn, iyọ̀ ti hu funfun sí i, èèpo edé lẹ̀ káàkiri. Fẹ̀hìntọlá ju korobá sínú omi tó wà lábẹ́ wọn láti fà á sókè, Jọọlá sì di okùn rẹ̀ mú.

"Omi iyọ̀ nìyẹn. Á tún hu funfun. Omi dídùn ló máa gbà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo dúrọ́ọ̀mù. Òjò ti jìnnà. Omi tó kù níbẹ̀ ni wọ́n ń mu, tí wọ́n sì fi ń se oúnjẹ. Bí ó bá tán, Igbokoda ni wọn yóò ti ra òmíràn, epo ni yóò sì gbé e wá. Jọọlá kò lè sọ pé kí wọ́n bù ú. Ilé ọkọ rẹ̀ ni, omi ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ẹja nìkan ni tirẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá mú igbá, ó bu omi náà, ó gbé e fún un. 

Jọọlá kò dà á. Ó rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ó fún un, ó nu ìbú ọwọ́ kan, ó tún rẹ ẹ́. Igbá kan yẹn ló fi nu páńẹ́lì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi tó kù nínú rẹ̀ ti dúdú, ó sì fi ìyẹn rẹ èèpo tó lẹ̀ mọ́ èyí tó kàn kó tó bu òmíràn. Moríkẹ́ ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí arúgbó náà tó fi ìyẹ́ sílẹ̀, tó fa ìdí aṣọ ara rẹ̀ ya, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu láti ìhà kejì.

"Fìrísà jẹ edé yó tán," ni Kọ́lájọ wí láti inú ọkọ̀, "ó wá ń béèrè omi."

"Ìwọ," ni Moríkẹ́ wí, "gòkè wá fún aṣọ, kí n má baà fi ẹ́ nù ún."

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ojú iná ṣì pọ́n. Jọọlá jókòó tì í. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó, pẹ̀lú orí ẹja kan nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ, òun kò jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣanwọ́ ni fìrísà gbọ̀n, tó kùn hùn-ún, tí àwọ̀ ewé sì padà sójú iná. Fẹ̀hìntọlá gbọ́ ọ. Ó ti orí ẹja náà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. "Jẹun," ló wí.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí Olówòkéré tó yọ láti òdìkejì odò. Ẹni tó ń ra ọjà àlòkù tó sì ń tà á ni. Òun nìkan ló ń wa ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan jókòó sáàárín bí ọba, òógùn sì ti bo onítọ̀hún. Wọ́n kí i kú ọjọ́, wọ́n fún un lómi, ó mu ún ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ wò ó," ló wí, ó ń lu irin náà bí ẹni ń lu ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kò fìgbà kan bàjẹ́ rí. Bí ẹ bá tan èyí, gbogbo Molutehin á mọ̀ pé ọkùnrin ń gbé ilé yìí."

"Tan án ká gbọ́," ni Fẹ̀hìntọlá wí.

"Ẹ bu epo wá."

"Ìwọ kò gbé epo wá?"

"Bí mo bá ní epo, ṣé àjẹ̀ ni màá fi dé ibí?"

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín débi pé ó di òpó mú. Olówòkéré kò bínú. Ẹni tó ń ta àlòkù ti gbọ́ ẹ̀rín rí. Ó yíjú sí Jọọlá. "Ìyàwó, wọ́n ní oòrùn lẹ gbójú lé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó ti ọkọ̀ yín dé Igbokoda kí n rí i."

"Kò lè tì í, Bàbá," ni Jọọlá wí. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó lè tì í. Wọ́n ní níbòmíràn ó ti ń ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́, fìrísà ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí a bá rà, ẹ́ńjìnnì á wá máa lá ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ní báyìí, fìrísà ti yọwọ́. Ìwọ̀nba epo tí a bá rí, ọkọ̀ nìkan ló ni ín. Bí a kò bá sì rí rárá, ẹja á dúró dè é. Ìyà tó ń jẹ wá níbí kò ju pé ẹja wa kò lè dúró. Nítorí rẹ̀ ni oníbàárà fi ń dá iye tó bá wù ú lé e, nítorí rẹ̀ ni ẹlẹ́po fi ń fi wá ṣeré. Ẹja tó bá lè dúró kì í bẹ ẹnikẹ́ni."

"Ẹnu dùn-ún rò'fọ́," ni Olówòkéré wí. "Ṣé tiyín dúró?"

Gbogbo wọn wo fìrísà. Oòrùn ti kan omi. Jọọlá tú kókó okùn, ó gbé ìdérí sókè, èéfín òtútù sì jáde. Fẹ̀hìntọlá bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó fa apò kan yọ, ó fi gbá etí fìrísà. Ó dún kò, bí igi. Ó mú èyí tó wà lókè, ara rẹ̀ rọ̀. Ó ṣí etí ẹja náà, ó gbé e sí imú, ó tún ṣí ti òmíràn.

"Ìsàlẹ̀ ti le," ni Jọọlá wí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. "Òkè kò tíì le."

"Kí ló fà á?" ni Olówòkéré wí.

"Ọ̀sán gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀sán," ni Moríkẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà. "Edé mi ni. Kí ìyàwó mi má bá mi ru ẹrù mi."

Fẹ̀hìntọlá ṣì di ẹja náà mú. "Etí rẹ̀ ṣì pọ́n," ló wí. "Kò rùn." Ó fún Olówòkéré kí òun náà gbóòórùn rẹ̀. Olówòkéré gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà. Jọọlá gbà á, ó tò ó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó pa ìdérí dé, ó sì so okùn. 

"Ó dáa," ni Olówòkéré wí. "Àdéhùn kò sí mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi ti ń fà, mi ò lè fi apá èmi nìkan wa irin yìí padà sílé. Ẹ jẹ́ kí n fi í sọ́dọ̀ yín di ọ̀la."

Òun àti Kọ́lájọ gbé jẹnẹrétọ̀ náà gòkè sórí afárá, wọ́n ń kérora, wọ́n sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ síbi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó páńẹ́lì.

"Kì í ṣe ibẹ̀," ni Fẹ̀hìntọlá wí.

"Kí ló ṣe ibẹ̀? Ààyè wà."

"Ọ̀nà ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà yọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ṣíji bo iṣẹ́ ìyàwó mi." Ó ti di ẹsẹ̀ kan irin náà mú. "Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn ilé."